Díìsìkì Karùn-ún

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tó ń dákẹ́ ló gbọ́n jù. Láolú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń sọni di ọlọ́gbọ́n ni, òun ì bá ti máa kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Ìkìrun ni. Ọdún 1999 ló wọ Port Harcourt, ó wá kàwé ní yunifásítì tó wà ní Choba. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wá láti ilẹ̀ Yorùbá ló parí tí wọ́n padà sílé, òun nìkan ló kù síbí. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dá a dúró, á ní iṣẹ́ ni. Irọ́ ni. Kò kàn sí ẹni tó pè é padà ni.

Èmi ni Kaothar. Ìwó ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni mo ti sin ọkọ. Àwọn ọmọ mi ti tú ká, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí mi. Mo ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Rumuola, èmi ni mo ń gba àwọn tó fẹ́ ya àwòrán egungun àti ti inú ara wọlé. Láolú ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, nítorí náà Àǹtí ló ń pè mí, èmi náà sì ń bá a wí bó ṣe wù mí. Nínú gbogbo ilé náà, àwa méjèèjì nìkan ló gbọ́ Yorùbá. Láàárọ̀, tó bá ti ní "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí," tí mo sì dá a lóhùn, ó lè má sọ Yorùbá mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán. Ibẹ̀ ni sáfà wà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú gbogbo àwòrán wa. Títì ni fèrèsé ibẹ̀ máa ń wà nígbà náà nítorí dúdú èéfín tó ń rọ̀ sórí ìlú, èyí tí èèyàn á fi ìka nu ògiri tí ìka á dúdú bí ẹni tó gún èédú. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà, Láolú ló kọ́ mi. Díìsìkì mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kì í ṣe irinṣẹ́ olówó ńlá kan ló so wọ́n pọ̀. Ètò inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n di ọ̀kan, tó ń pín àwòrán kọ̀ọ̀kan sára wọn lọ́nà tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn mẹ́ta tó kù á forí korí, wọ́n á ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ òkú náà jáde. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà U mẹ́rin ló máa ń tò tẹ̀ léra wọn nígbà tí gbogbo wọn bá wà láàyè. Èyí tó bá kú, ìlà kékeré kan ni ẹ máa rí ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí méjì bá kú pọ̀, ó parí nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí díìsìkì karùn-ún fi wà. Agbapò ni Láolú ń pè é. Kò ní iṣẹ́ kankan. Iná ń wọ ara rẹ̀, ó ń yí, ó kàn ń dúró kí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin kú kí òun náà tó di nǹkan. Ọjọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo wojú rẹ̀, mo ní, "Láolú, ìwọ gan-an rèé." Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Bí iná ọba bá lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, sáfà a máa ta gìrì, nígbà mìíràn á sì lé ọ̀kan nínú àwọn díìsìkì jáde bí ẹni pé ó ti kú. Láolú kì í kánjú. Á ka ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀, á yọ wáyà, á fẹ́ atẹ́gùn sí ojú rẹ̀, á dá a padà, á ní kí díìsìkì náà yẹ ara rẹ̀ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà tó dẹ̀ lásán ni. Á mú un wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà, á jókòó tì í títí wọ́n á fi kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ìjà láàárín òun àti ẹ̀rọ. Èèyàn ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe wà nìyẹn nígbà tí Belema dé, ní ọdún 2018. Obìnrin Okrika ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ilé ìwé tó wà ní òdìkejì títì. Kò sí nílé ọkọ mọ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì yá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu bàbá rẹ̀, apẹja, tí wọ́n fi gbé e wá ya àwòrán orí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti sọ fún un pé bí irú rẹ̀ bá tún dé, ohùn bàbá lè lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sọ́ńdè ni Belema ń lọ sí Okrika, á gbé fóònù síwájú bàbá, bàbá á máa sọ̀rọ̀: ìtàn odò, orúkọ ẹja, orúkọ àwọn ará ilé tó ti lọ. Nígbà tí fóònù kún, ó rántí ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa. Ó wá béèrè ibi tí òun lè kó fídíò náà sí.

Ẹ wá wo ohun tí Láolú ṣe. Ó wọ yàrá lọ, ó yọ agbapò, ó fi sínú àpótí kékeré tó ṣeé fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, ó gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́.

"Carry am go," ó ní. "E just siddon there."

"I go return am o," Belema dáhùn.

"No hurry."

Lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ, mo kọjú sí i. Mo ní, "Ṣé tìrẹ ni?" Ó ní òun á wá òmíràn fi dípò rẹ̀. Lóòótọ́ ó sọ fún ọ̀gá wa, Dókítà Tonye, pé ó yẹ ká ra díìsìkì kan sí i. Ọ̀gá ní ṣé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé tí a bá ti ṣíwọ́, Belema á gbé díìsìkì àti fóònù wá. Láolú á kó fídíò kúrò nínú fóònù sórí díìsìkì, á sì pa ti fóònù rẹ́ kí àyè lè wà fún òmíràn. Iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Wọ́n á fi gbogbo ọ̀sán ṣe é. Belema kò ní kọ̀ǹpútà nílé, nítorí náà ọ̀dọ̀ Láolú ni wọ́n ti ń wo àwọn fídíò náà. Obìnrin náà á máa túmọ̀ ohun tí bàbá ń wí sí Pidgin, Láolú á máa mi orí. Ọkùnrin tó ti ń jókòó sórí páálí láti ọdún gbọọrọ ra àga. Kì í ṣe ọ̀kan o, méjì ni. Ó gé irun rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé ó sọ nǹkan kan fún un? Kò sọ o. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àrùn náà tún kọ lu bàbá, ohùn sì lọ. Kò sí fídíò tuntun mọ́. Síbẹ̀ Belema ń wá ní Sátidé. Mo ní, "Láolú, obìnrin yìí kò lè máa rìn wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nítorí wáyà."

Ó ní, "Àǹtí, bàbá rẹ̀ ló ń wá wò."

Mo ní ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí. Mo ní kó wá díìsìkì mìíràn fún Belema, kó gba ti ibi iṣẹ́ padà kí nǹkan tó bàjẹ́. Ó ní òun á ṣe é. Kò ṣe é. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rò pé bí òun bá fọwọ́ kan ètò náà báyìí, gbogbo rẹ̀ máa tú.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni ọ̀kan nínú àwọn díìsìkì mẹ́rin kú. Ìró ni Láolú kọ́kọ́ gbọ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan ìkòkò. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ ojú ihò, ó ní kó yẹ ara rẹ̀ wò. Kò jí. Níbi tó ti ń yẹ àwọn yòókù wò, ó rí i pé òmíràn ti ní ojú àpá lára. Ó jáde wá bá mi.

"Àǹtí, bí ìyẹn bá tún lọ, gbogbo àwòrán tí a ti yà láti ọjọ́ yìí ló lọ."

"Agbapò ńkọ́?" ni mo wí, bí ẹni pé mi ò mọ̀.

Ọjà kọ̀ǹpútà ti tì, àwọn tó ń tà á ti lọ sí ìlú wọn fún ọdún, ó di Túsìdé kí wọ́n tó ṣí. Láolú mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà Belema, ó pa á. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pa á. Ojú ń tì í láti béèrè ohun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Inú bí mi. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo pè é.

Belema kò bínú rárá. "Ah! Since? Why e no talk?" Ó ní òun ń múra Okrika lọ, òun á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ wa. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Nígbà tó dé, inú aṣọ funfun tó ti fọ̀, tó ti lọ̀, ló di díìsìkì náà sí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Láolú.

"I don clean am well well," ó ní. "My neighbour wey get laptop helep me comot everything. My mama no train me make I return person plate with soup inside."

Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nìyẹn, ní Ìwó, ní Ìkìrun, ní Okrika: abọ́ tí a bá yá, a kì í dá a padà láìfọ̀ ọ́. Láolú wo díìsìkì náà.

"The video dem," ó ní jẹ́jẹ́. "You keep am for another place?"

"E dey your computer na. No be there we dey watch am?"

Kò sí nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láti orí díìsìkì yẹn gan-an ni wọ́n ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí.

"Yes," Láolú wí. "E dey."

Belema kí mi kú ọdún, bó tilẹ̀ mọ̀ pé Mùsùlùmí ni mí, ó wọ kèké, ó lọ. Láolú padà sínú yàrá, ó jókòó. Mo tẹ̀ lé e wọlé, mo sì jókòó sórí àga kejì.

"Ó ti lọ tán ni?" mo bi í.

"Kò ì tí ì lọ, Àǹtí. Orúkọ ni wọ́n pa rẹ́. Bí ìgbà tí ẹ bá nu nọ́ńbà kúrò lára ilé ni, àwọn onílé ṣì wà nínú rẹ̀. Mo lè wá wọn jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sínú sáfà, àwọn mẹ́ta tó kù á kọ tiwọn bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó lè rí bàbá yẹn mọ́."

"O ò lè wá a jáde kíákíá kó o tó fi í síbẹ̀?"

"Ó tó ọjọ́ méjì, ó kéré tán."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Láolú, iṣẹ́ rẹ ni o. Ti ilé iṣẹ́ ni díìsìkì yẹn. Fi í síbẹ̀." Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tẹ ohun tó tẹ̀, sáfà sì dákẹ́. Mi ò gbọ́ kí yàrá yẹn dákẹ́ rí. Ó ní bí ẹ̀rọ bá sùn, kò ní sí ohun tó ń ni díìsìkì alápàá yẹn lára, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, á jí ní Túsìdé. Bí Ọlọ́run kò bá fẹ́ ńkọ́? Mi ò béèrè.

A bẹ̀rẹ̀ sí í darí àwọn aláìsàn sí ibòmíràn. Dókítà Tonye ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú ìbínú.

"On this thing," ó ní.

"Doctor, one disk don die, another one dey shake. If I on am, we fit lose everything. Tuesday I go buy new one."

"And the one wey dey your hand?"

Láolú kò mọ irọ́ pa, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "That one no good." Ọ̀gá wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, mo se ìrẹsì, mo gbé e lọ sí yàrá tí Láolú ń gbé ní Rumuokoro. Ẹni tí kò bá rí yàrá náà rí kò lè mọ bí èèyàn ṣe lè pẹ́ tó nínú ìlú kí ìlú má mọ̀ ọ́n. Ibùsùn kan, tábìlì kan, ife kan. Díìsìkì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀, wáyà so wọ́n pọ̀, àwọn fídíò ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìlórúkọ. Ó ń ṣí èyí tó bá jáde, ó ń wò ó bóyá ó pé. Díẹ̀ ti bàjẹ́. Èyí tó pọ̀ jù pé. Bàbá arúgbó náà jókòó síwájú wa, àwọ̀n lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ èdè tí àwa méjèèjì kò gbọ́. Ojú mi kún fún omi, mi ò sì mọ bàbá náà rí ju ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọjá níwájú mi lọ.

Láolú ṣí òmíràn. Ó ní, "Èyí ni Belema máa ń fò. Kì í jẹ́ ká wò ó."

Nínú rẹ̀, a kò rí Belema, ohùn rẹ̀ là ń gbọ́ lẹ́yìn fóònù, ó ń sọ nǹkan fún bàbá rẹ̀ ní èdè wọn. Láàárín ọ̀rọ̀ náà, ó ní "Láolú." Ó ṣe kedere. Bàbá béèrè nǹkan. Belema dáhùn, ó tún ní "Láolú." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó rọra sọ ọ́, Belema sì dákẹ́.

"Kí ni wọ́n sọ?" mo bi í.

"Àǹtí, mi ò gbọ́ Okrika."

Ẹni tó ti lo bí ogún ọdún ní Port Harcourt! Mo fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ náà kò gbọ́ ọ. Ó dá fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún dá a padà. Èmi nìkan ni mo jẹ ìrẹsì.

Ní Túsìdé, ó fi owó ara rẹ̀ ra díìsìkì, ó tan sáfà. Díìsìkì alápàá náà jí. Láolú kò kúrò níbẹ̀ títí àwọn mẹ́ta náà fi kọ́ tuntun ní gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, tí lẹ́tà U mẹ́rin tún tò tẹ̀ léra. Àwòrán ẹnì kan kò sọnù. Nígbà tó ti kó àwọn fídíò náà tán, ó dá agbapò padà sí àyè rẹ̀. Dókítà Tonye wò ó tó ń fi díìsìkì tó ní kò dára sẹ́nu iṣẹ́, ó sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò lè sọ pé ọ̀gá jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ilé náà, ohun tí màá ṣe nìyẹn. Inú ṣì bí mi sí ọ̀gá fún oṣù bíi mélòó kan.

Láolú kó fídíò sínú fíláàṣì kékeré, ó gbé e fún Belema lẹ́nu géètì ilé ìwé rẹ̀, ó ní kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Mo ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní rárá, ojú á tì í. Kò sọ pé òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú fídíò kan. Kò sọ pé òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tó di Sátidé, Belema dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú abọ́ onídèérí kan. Onunu ló wà nínú rẹ̀, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí wọ́n fi epo gún pọ̀, àti ọbẹ̀ ẹja. Mo sọ fún un pé Láolú ti lọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá sáfà tó wà ní títì.

"E no tell me," ó ní. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́. "Aunty, abeg give am. Tell am make e bring the plate by himself."

Ṣé ẹ gbọ́? Obìnrin kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Láolú, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó jẹ oúnjẹ náà tán, ó fọ abọ́, ó nù ún gbẹ, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní a kì í dá abọ́ padà lófìfo, òun á wá nǹkan dáadáa fi sínú rẹ̀ kí òun tó lọ.

Ó ń tún fóònù ṣe báyìí ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Bàbá Belema ti kú, wọ́n ti sin ín sí Okrika. Láolú kò lọ. Tẹ́lẹ̀, bí Belema bá rí mi ní títì, á ní, "Aunty, my plate?" Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá wá irọ́ pa. Kò béèrè mọ́ báyìí. Ó kàn ń kí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí Láolú. Abọ́ náà wà lórí tábìlì níbi tó gbé e sí láti ọjọ́ yẹn. Dúdú èéfín kò sí lára rẹ̀, ó hàn pé ó ń nù ún. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní, "Láolú, kí ló dé tí o kò gbé abọ́ obìnrin yìí lọ fún un? Kí lò ń dúró dè?"

Ó mú abọ́ náà, ó tún un gbé sí àárín tábìlì.

"Àǹtí," ó ní, "bí mo bá dá a padà, kí ló tún kù tí mo lè rí mú lọ síbẹ̀?"